Ta Ni Yóò Fún Ìyá Ọlọ́jà Ní Lífù? Bí A Ṣe Lè Yan Ibi Ìpàgọ́ Tó Máa Tu Ẹbí Lára

  

Lọ́dọọdún, bí ọlidé ilé ìwé bá ti ń sún mọ́lé, ìbéèrè kan náà ló máa ń jáde lẹ́nu àwọn ọmọ: "Mọ́mì, níbo là ń lọ?" Ìdáhùn tiwa náà kì í yí padà: "Ṣọ́ọ̀bù là ń lọ!" Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ á ṣe lo ọlidé tán sídìí àtẹ, tí yóò máa ka ṣéńjì, tí yóò máa lé eṣinṣin. Kò burú kí ọmọ mọ ọjà. Ọjà ló ń tọ́ wọn, ọjà ló ń san owó ilé ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè: ìgbà wo ni ìyá àti ọmọ jókòó pọ̀ gbẹ̀yìn tí kì í ṣe pé wọ́n ń tajà?

Àwọn àgbà ní ilé là á bọ̀ simi oko. Òótọ́ lọ̀rọ̀ yìí fún bàbá àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá tó jí ní aago mẹ́rin ìdájí láti lọ kó ọjà ní Mile 12, tó sì dúró sídìí àtẹ ní Àgbójù títí ilẹ̀ fi ṣú, ṣé ilé ló ń bọ̀ wá simi? Oko kejì ló ń bọ̀ wá bá. Ìkòkò ń retí rẹ̀, aṣọ ìdọ̀tí ń retí rẹ̀, ọmọ ní kó wá wo iṣẹ́ àṣetiléwá. Ilé kọ́ ni irú ìyá bẹ́ẹ̀ ti lè simi. Àfi kó jáde kúrò nílé.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1938 ni wọ́n ṣe òfin tó ṣí ọ̀nà fún òṣìṣẹ́ láti máa gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún, kí owó iṣẹ́ rẹ̀ má sì dúró. Ṣáájú ìgbà yẹn pàápàá, àwọn tí kò lágbára òtẹ́ẹ̀lì ti ń wá ọgbọ́n dá. Ní 1901, aránṣọ kan tó ń jẹ́ Thomas Hiram Holding kó àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ pé àwọn á máa gbé àgọ́ aṣọ lọ sí pápá oko, àwọn á sùn síbẹ̀, àwọn á dáná síbẹ̀, ara àwọn á sì balẹ̀. Ẹgbẹ́ náà wà títí di òní. Aránṣọ ló dá a sílẹ̀ o, ẹni tó ń fi abẹ́rẹ́ jẹun bíi ti àwọn ará wa tó wà ní ìlà àwọn télọ̀.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ní lífù. Tíṣà ní lífù. Ta ni yóò fún ìyá ọlọ́jà ní lífù? Kò sí ọ̀gá tó máa kọ lẹ́tà sí wa. Ìyá ọlọ́jà ni yóò fún ara rẹ̀. Bó bá sì ti fún ara rẹ̀ tán, ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí yóò gbé e lọ, nítorí pé ibi tí wọ́n bá yàn láìwò dáadáa, iṣẹ́ ló máa dà sí ìyá lọ́rùn, kì í ṣe ìsinmi. Ohun tí a fẹ́ jọ sọ lónìí nìyẹn.

IBÙDÓ KÌ Í ṢE ÀJÈJÌ SÍ WA

Ẹnì kan lè sọ pé, "Haba, ìpàgọ́ kẹ̀? Iṣẹ́ òyìnbó nìyẹn." Rárá o. Ẹ wo Festac tí à ń gbé yìí. Kí ni wọ́n kọ́ ọ fún? Ibùdó àlejò ni. Nígbà àjọ̀dún FESTAC, láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní títí di ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977, àwọn eléré, olórin, òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà láti orílẹ̀-èdè tó lé ní 50 wá sí Nàìjíríà. Wọ́n nílò ibi tí wọ́n á sùn, ibi tí wọ́n á ti wẹ̀, ibi tí wọ́n á ti jẹun. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi kọ́ abúlé àjọ̀dún yìí. Ẹ̀yìn ìgbà tí àlejò lọ ni ó di ilé onílé. Àwa ará Festac, inú ibùdó la ti ń tọ́mọ.

Ẹ tún jẹ́ ká padà sẹ́yìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn òbí wa àgbà ní ilé nígboro, wọ́n sì ní ahéré lóko. Bí àsìkò iṣẹ́ bá dé, tọkọtaya tọmọtọmọ á kó lọ sí abà, wọ́n á lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó wọ ìlú wá ṣọdún. Bàbá kì í kàn dúró níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti rọ̀ kó ti òpó mọ́lẹ̀. Á wò ó pé omi wà nítòsí, ṣùgbọ́n kì í kọ́ ahéré sí bèbè odò gan-an. Kì í kọ́ ọ sí kòtò tí àgbàrá ń gbà. Kì í kọ́ ọ sábẹ́ igi àgbà tí ẹ̀ka rẹ̀ ti gbẹ. Á wo ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, kí èéfín ààrò má bàa máa wọ ojú ọmọ. Á ṣán igbó yíká nítorí ejò, á yẹra fún ibi tí ìjàlọ ń gbà. Á sì fẹ́ kí ahéré ẹlòmíràn wà níbi tí ohùn lè dé, tó bá ké kí wọ́n lè gbọ́.

Ẹ gba èyí gbọ́: bí ẹ bá ka ìwé tí àwọn òyìnbó fi ń kọ́ ara wọn ní ìpàgọ́ lónìí, ọ̀rọ̀ bàbá àgbẹ̀ yìí lẹ máa bá níbẹ̀. Kí ilẹ̀ ga díẹ̀. Kí omi sún mọ́ni ṣùgbọ́n kó má jù. Kí igi má wó luni. Kí afẹ́fẹ́ wà lẹ́yìn. Kí aládùúgbò wà. Ọgbọ́n tiwa ni. Ohun tó kù ni ká fi kún un fún ayé tí a wà.

OHUN MÉJE TÍ OJÚ ÌYÁ GBỌ́DỌ̀ WÒ

Ẹ má jẹ́ kí fọ́tò tàn yín jẹ. Gbogbo ibi ló máa ń dára nínú fọ́tò. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ béèrè, bó bá sì ṣeé ṣe, kí ẹnì kan nínú ẹbí kọ́kọ́ lọ fojú rí i.

Èkíní, omi àti ilé ìyàgbẹ́. Ibi yìí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé omi ẹ̀rọ ń yọ títí ilẹ̀ fi ń mọ́, àbí ẹ máa lọ máa fi kéègì pọn ọ́n? Tó bá jẹ́ kéègì, ẹ mọ ẹni tó máa pọn ọ́n: ìyá ni. Ilé ìyàgbẹ́ mélòó ló wà, ènìyàn mélòó ló ń lò ó, ta ló ń fọ̀ ọ́? Báwo ló ṣe jìnnà sí ibi tẹ́ ẹ máa sùn? Ọmọ ọdún mẹ́ta kì í lè dá a dúró lóru. Ìyá àgbà tí eékún ń dùn kò lè rin ìrìn ogójì ìṣísẹ̀ nínú òkùnkùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóru kan. Ibi tó bá sún mọ́ ilé ìyàgbẹ́ dáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an, nítorí òórùn àti ìró ẹsẹ̀.

Èkejì, orí ilẹ̀. Ẹni tó bá wà ní Ìbàdàn lóru ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 kò ní gbàgbé Ògùnpa. Odò kékeré tí ọmọdé ń fò kọjá ló kún ní òru kan, tó kó ilé, tó kó ènìyàn lọ. Ẹ má sùn sí ojú àgbàrá, bí ilẹ̀ ibẹ̀ tiẹ̀ gbẹ bí ìpápánu lójú oòrùn. Ẹ wo ara ògiri àti ìdí igi: bí ẹ bá rí àmì omi níbẹ̀, ẹ wá ibòmíràn. Ọ̀dá díẹ̀ máa ń wà lágbègbè wa nínú oṣù kẹjọ, ṣùgbọ́n òjò máa ń padà wá ní oṣù kẹsàn-án. Ẹ fi sọ́kàn kí ẹ tó mú ọjọ́.

Ẹ̀kẹta, oorun. Ibi tí ènìyàn kò bá ti lè sùn, kì í ṣe ibi ìsinmi. Ṣé nẹ́ẹ̀tì wà lójú fèrèsé, àbí ihò ti wà lára rẹ̀? Ẹ gbé nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tiyín dání, kódà bí wọ́n bá sọ pé àwọn ní. Ẹ bi wọ́n bóyá pátì ń wáyé níbẹ̀ lálẹ́ Sátidé. Ọ̀pọ̀ ibi etíkun ló dákẹ́ jẹ́ẹ́ ní ọjọ́ Túsìdé, tó sì di ọjà ní òpin ọ̀sẹ̀. Àwa ọlọ́jà kò wá ariwo lọ. Ariwo la ti kúrò.

Ẹ̀kẹrin, iná àti èéfín. Ẹ̀yin ìyá, ẹ fetí sí eléyìí dáadáa. Iná èédú kì í ṣe ohun tí à ń gbé wọ inú àgọ́ tàbí yàrá tí a ti tì, kódà bó ti ń kú lọ. Èéfín kan wà níbẹ̀ tí kò lóòórùn, tí ojú kò lè rí, ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun. Òun kan náà ló wà lẹ́nu jẹnẹrétọ̀, tó ti pa odindi ẹbí mọ́lé ní ìlú wa yìí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, ó ti pa ẹbí tó gbé iná èédú wọ inú àgọ́ nítorí òtútù. Ẹ wo ibi tí jẹnẹrétọ̀ ibùdó wà. Bó bá wà lábẹ́ fèrèsé yín, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní yàrá mìíràn. Ẹ má tijú.

Ẹ̀karùn-ún, òkun àti odò. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Òkun tó wà lẹ́bàá wa yìí, Àtìláńtíìkì ni, kì í ṣe ọ̀sà. Ìgbì rẹ̀ lágbára, omi abẹ́ rẹ̀ sì máa ń fa ènìyàn lọ sẹ́yìn lójijì, kódà ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀. Bí ó bá fa ènìyàn, kó má ṣe bá a jà láti padà tààrà. Kó lúwẹ̀ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ẹni tó ń rìn lọ létí òkun, títí omi yóò fi tú u sílẹ̀, kó tó kọjú sí èbúté. Fún ọmọdé, òfin kan ni: omi kò gbọdọ̀ kọjá eékún, àgbàlagbà kan sì gbọ́dọ̀ wà lójúfò tí kì í ṣe pé ó ń tẹ fóònù. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò yẹ kí àgbà wà létí òkun kí omi gbé ọmọ lọ. Bí ẹ bá máa wọ ọkọ̀ ojú omi, kí gbogbo ọmọ wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Bí ọlọ́kọ̀ kò bá ní in, ẹ má wọ ọkọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀kẹfà, ọ̀nà àti ààbò. Ẹ ṣètò kí ẹ dé ibẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ béèrè ilé ìwòsàn tó súnmọ́ ibẹ̀ jù lọ, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà wọn sínú ìwé, nítorí fóònù lè kú. Ẹ wò ó bóyá ọgbà yí ibẹ̀ ká, bóyá ẹ̀ṣọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà lóru. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan nílé mọ ibi tẹ́ ẹ wà.

Èkeje, tí àwọn ọkùnrin kì í béèrè: ta ló máa dáná? Bí ó bá jẹ́ pé ìyá kan náà tó ń dáná nílé ló tún máa fẹ́ iná nínú afẹ́fẹ́ etíkun, tó máa fọ abọ́ nínú báfù, tó máa wá omi, tó máa wá ọmọ, kò jáde rárá. Ó kàn gbé ilé ìdáná rẹ̀ lọ sí ọ̀nà jínjìn ni. Ẹ pín iṣẹ́ kí mọ́tò tó gbéra. Bàbá á pọn omi. Ọmọ tó ti lé ní ọdún mẹ́wàá á fọ abọ́. Ẹ se ọbẹ̀ ata sílẹ̀ kó gbẹ dáadáa, ẹ dín ẹran, ẹ gbé gààrí, búrẹ́dì àti ẹ̀wà tó ti jinná sínú kúlà. Ó kéré tán, kí oúnjẹ kan wà lóòjọ́ tí wọ́n á rà jẹ, kí ìyá fi ẹsẹ̀ kan lé èkejì.

NÍBO GAN-AN?

Èyí tó sún mọ́ àwa ará Amúwò-Ọ̀dọ̀fin jù ni ọ̀nà Àgbádárìgì. Láti Mile 2, ẹ máa gba Àgbójù, Trade Fair, Ìyànà Ìbà, Ọ̀kọ́kọ́máíkò àti Àgbárá lọ tààrà. Ojú ọ̀nà yìí kò fi bẹ́ẹ̀ jìn, sún kẹrẹ fà kẹrẹ ló ń sọ ọ́ di jíjìn. Ẹ gbéra ní kùtùkùtù, kí ẹ sì má lọ ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ ìrọ̀lẹ́. Ní àyíká Ìwóró, ibi ìsinmi wà lẹ́bàá ọ̀sà, lábẹ́ igi àgbọn. Omi ọ̀sà rọ̀ ju ti òkun lọ, ó sì bá ẹbí tó ní ọmọ kéékèèké mu, ṣùgbọ́n ojú ìyá ṣì gbọ́dọ̀ wà lára wọn. Nínú ìlú Àgbádárìgì fúnra rẹ̀, àwọn ọmọ á rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n parí ní 1845, wọ́n á sì gbọ́ ìtàn òwò ẹrú níbi tó ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lè wọ ọkọ̀ kọjá sí erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fú, níbi tí ẹrú ti ń rìn lọ sétí òkun tí kò ní padà mọ́. Ẹ̀kọ́ ìtàn tí kò sí nínú kíláàsì nìyẹn, ilẹ̀ kò sì tíì ní ṣú kí ẹ tó padà sí ibi tẹ́ ẹ máa sùn.

Èyí kejì ni àwọn ibùdó àdúrà ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Ká má parọ́, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti mọ ìpàgọ́. Ibùdó Redeemed tó wà lápá Mówé, ọdún 1983 ni wọ́n ra ilẹ̀ rẹ̀, ó sì ti di ìlú odidi báyìí. Àwọn NASFAT, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1995, náà ní ilẹ̀ àdúrà tiwọn lójú ọ̀nà yẹn. Ibi ìsìn ni wọ́n, ẹ kò sì gbọdọ̀ gbé fàájì lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹbí yín bá ń lọ, ìlànà méje tí a sọ yẹn kàn yín. Ẹ gba yàrá ṣáájú, ẹ má retí pé ẹ máa rí i lọ́jọ́ náà. Ìyá aboyún àti ẹni tó ń fọ́mú kò yẹ kó sùn sórí ẹní ní gbàgede. Ẹ kọ orúkọ ọmọ àti nọ́ńbà fóònù bàbá tàbí ìyá sínú bébà, kí ẹ fi sí àpò aṣọ ọmọ náà, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ èrò, ìṣẹ́jú kan ni ọmọ fi ń sọnù. Ẹ jọ mú ibì kan tí gbogbo ẹbí á ti pàdé bí ẹnì kan bá ṣìnà.

Ẹ̀kẹta ni Ìkògòsì ní ìpínlẹ̀ Èkìtì. Ọ̀nà rẹ̀ jìn, ọjọ́ kan gbáko ni kí ẹ yà sọ́tọ̀ fún lílọ, ọjọ́ kan fún bíbọ̀, ẹ má sì rìn lóru. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá débẹ̀, ẹ máa rí iṣẹ́ Ọlọ́run: ìsun omi gbígbóná kan àti ìsun omi tútù kan tí wọ́n pàdé, tí wọ́n jọ ń ṣàn lọ. Ẹ ki ẹsẹ̀ kan bọ èyí tó gbóná, ẹ ki èkejì bọ èyí tó tutù. Àwọn míṣọ́nnárì Baptist ló jẹ́ kí ará ìta mọ ibẹ̀ ní àwọn ọdún 1950. Ibẹ̀ tutù lóru ju Èkó lọ, ẹ gbé aṣọ òtútù fún ọmọ. Fún ìyá tí ẹsẹ̀ ń ro nítorí ìdúró sídìí àtẹ, kí ẹ jókòó kí ẹ ki ẹsẹ̀ bọ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fún wákàtí kan, ẹ ó mọ ohun tí à ń sọ.

BÍ ỌMỌ BÁ PÈ WÁ SÍ ÌLÚ ỌBA

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ọmọ ní Peckham, ní Manchester, ní Birmingham. Bí ìyá bá lọ wẹ ọmọ fún ọmọ rẹ̀, tó sì bọ́ sí àsìkò ọlidé láàárín ìparí oṣù keje sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, wọ́n lè sọ pé, "Mọ́mì, a fẹ́ lọ pàgọ́." Ẹ má sáré sọ pé, "Kí n wá kúrò ní Nàìjíríà wá sùn sínú igbó?" Ẹ kọ́kọ́ béèrè ìbéèrè yín.

Ibẹ̀, pápá ni wọ́n máa ń pín sí ojú àgọ́ kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù á sanwó ojú tirẹ̀. Ilé ìwẹ̀ àti ilé ìyàgbẹ́ wà lójú kan, omi ẹ̀rọ wà káàkiri. Àwọn ibì kan ní iná tí wọ́n lè fà dé inú àgọ́, àwọn mìíràn kò ní. Ẹ ní kí ọmọ yín gba ibi tó ní iná, tí kò jìnnà sí ilé ìyàgbẹ́, tí kò sì sí lójú ọ̀nà tí mọ́tò ń gbà. Ẹ ní kí wọ́n má pa àgọ́ sí ìsàlẹ̀ pápá, nítorí òjò ibẹ̀ kì í dúró de àkókò. Kí ẹnu ọ̀nà àgọ́ kọ ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́. Ẹ rí i? Ọ̀rọ̀ ahéré náà ni.

Òtútù ńkọ́? Inú oṣù kẹjọ pàápàá, òru ibẹ̀ lè tutù ju ọyẹ́ wa lọ. Àṣírí kan wà níbẹ̀: ilẹ̀ ló ń fa ooru ara ènìyàn, ju afẹ́fẹ́ lọ. Kí ẹ tó kó bùláńkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta lé ara, ẹ kọ́kọ́ tẹ́ ohun tó nípọn sábẹ́. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀, ẹ wé orí. Bí eékún tàbí ẹ̀yìn bá ń dun ìyá, kó má sùn nílẹ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ ibùdó ní ilé kékeré onípákó, tàbí ilé onítáyà tí wọ́n ń pè ní caravan, tó ní bẹ́ẹ̀dì àti ilé ìdáná. Ẹ ní kí wọ́n gba ìyẹn fún yín, kí àwọn ọ̀dọ́ lọ sùn sínú àgọ́. Bí wọ́n bá lọ sétí òkun, ẹ wá ibi tí wọ́n ti àsíá pupa àti yẹ́lò mọ́lẹ̀ méjì. Àárín àsíá méjèèjì ni àwọn adóòlà ń ṣọ́, ibẹ̀ nìkan ni kí ọmọ ti wọ omi.

OWÓ ÀTI ÀTẸ

Ó ku ohun méjì tó ń dá wa dúró: owó àti ìbẹ̀rù pé oníbàárà á lọ.

Ti owó, àjọ ni ìdáhùn rẹ̀. A ń dá àjọ fún aṣọ ẹbí, fún òkú, fún ìgbéyàwó. Ẹ jẹ́ ká dá ti ìsinmi. Ẹni tó bá ń dá ₦2,000 lọ́sẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ 40 ó ti di ₦80,000. Bí ẹbí mẹ́rin bá jọ háyà bọ́ọ̀sì kan, owó ọkọ̀ á fúyẹ́. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá tíì dé oorun ọjọ́ méjì, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ kan: kó jáde ní àárọ̀, kó padà ní alẹ́. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ti àtẹ, ẹ jẹ́ ká rántí àáró. Àwọn àgbẹ̀ mọ̀ ọ́n: lónìí gbogbo wa á ro oko tìrẹ, lọ́la a ó ro tèmi. Kí ló dé tí a kò lè ṣe àáró ìsọ̀? Kí ìyá méjì tí àtẹ wọn kọjú síra ṣe àdéhùn. Bí ọ̀kan bá lọ simi fún ọjọ́ mẹ́ta, èkejì á bá a tà, á kọ iye ọjà tó tà sínú ìwé, á gba owó pamọ́. Nígbà tó bá padà dé, òun náà á bá èkejì ṣe é. Kí wọ́n ka ọjà pọ̀ kí ẹnì kan tó lọ, kí wọ́n tún kà á pọ̀ nígbà tó bá dé, kí ọ̀rẹ́ má bàa bàjẹ́. Iye owó tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń tà ọjà rẹ̀, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Oníbàárà kò ní sá lọ bó bá rí i pé ẹnì kan wà tó ń dá a lóhùn.

Ẹ̀yin ìyá, a kò sọ pé kí ẹ pa ọjà tì. Iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́, kò sí ẹni tí yóò já a ní koro. Ṣùgbọ́n ara tó ń ṣe iṣẹ́ náà kì í ṣe irin. Ọmọ tó bá sì rí ìyá rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín létí ọ̀sà, tí kò wo aago, tí kò ka owó, á rántí rẹ̀ dọjọ́ ogbó.

Kí àwọn tó bá fẹ́ dá àjọ ìsinmi tàbí tó bá fẹ́ wọ àáró ìsọ̀ sọ fún olórí ìlà wọn kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé. Ẹ mú orúkọ ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ bá ṣe é wá.